Orí Kẹrin: Ta Ló Ni Ọmọ Lẹ́yìn Agogo Mẹ́ta Ọ̀sán?

Ọ̀pọ̀ òbí ní Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 ló ń fi ọmọ sí ilé-ìwé girama ti Kristẹni nítorí ìwà, kì í ṣe nítorí ìwé nìkan. Wọ́n ti wo àdúgbò yíká, wọ́n ti rí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó kún fún ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù, wọ́n sì ti pinnu pé bó bá gba kí àwọn ta aṣọ ọrùn, àwọn á san owó ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ilé-ìwé náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n á kọrin òwúrọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á yẹ èékánná àti irun wò, wọ́n á kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì mọ́ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá wá di agogo méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, géètì á ṣí, ọmọ á jáde.

Láti ìgbà náà títí ìyá yóò fi palẹ̀ ọjà mọ́, tàbí tí bàbá yóò fi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì BRT ní Mile 12, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ilé-ìwé gbà pé ọmọ ti wà lọ́wọ́ òbí. Òbí gbà pé ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé kọ́ ọ ṣì ń ṣọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní tirẹ̀ mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó rí òun nínú wọn. Orí yìí dá lórí bí òbí àti ilé-ìwé ṣe lè jọ di wákàtí wọ̀nyẹn mú, torí ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú owó tí òbí ń san ti ń ṣòfò.

Ìdajì iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ òbí

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí irú ilé-ìwé yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, àlùfáà tó fẹ́ ọmọ Samuel Àjàyí Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Èkó. Òun ni ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí. Ìjọ nìkan kọ́ ló gbé e dìde. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, oníṣòwò Sàró kan ní Èkó, James Pinson Labulo Davies, yọ £50 fún Macaulay kó fi ra ìwé àti ohun èlò. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé-ìwé ni gbogbo wọn sì ń gbé, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ní Broad Street. Bàrígà ni ilé-ìwé náà wà báyìí, kò jìnnà sí Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 wà. Baptist Academy, tó ti wà láti 1855, wà ní Ọbaníkòró lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì náà dá ilé-ìwé ọkùnrin sílẹ̀ ní 1878, wọ́n dá ti obìnrin sílẹ̀ ní 1879.

Ọmọ tó ń gbé inú ilé-ìwé, agogo ló ń jí i, agogo ló ń kó o wọ kíláàsì. Agogo náà ló ń mú un lọ sórí pápá nírọ̀lẹ́, tó ń mú un jókòó sídìí prep lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tó ń pè é wá síbi àdúrà kí iná tó kú. Olùkọ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó mọ ẹni tó sùn àti ẹni tí kò sùn. Ọ̀pọ̀ ìwà tí à ń torí rẹ̀ yin àwọn ilé-ìwé àtijọ́ yìí, ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́ ni wọ́n ti fi kọ́ ọmọ, kì í ṣe nínú kíláàsì.

Ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé míṣọ́n ní àwọn ọdún 1970. Ní 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà fún ìjọ tó ni wọ́n. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyẹn, ìjọ lóríṣiríṣi àti àwọn onígbàgbọ́ aládàáni ti dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀ káàkiri Ojọ́ta, Alápẹ̀rẹ̀, Ìkòsí àti Mágódò. Wọ́n mú orin òwúrọ̀ láti ara ti àtijọ́, wọ́n mú aṣọ, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì sára pátákó. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń ti ilé lọ, tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdajì iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ilé-ìwé, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ilé, kò sì sẹ́ni tó pe òbí jókòó kó sọ fún un. Ẹ̀yin ni ọ̀gá ilé gbígbé báyìí. Ohun tí ìyókù orí yìí ń ṣe ni kó kọ́ yín ní iṣẹ́ náà, kó sì fi bí ilé-ìwé ṣe lè ràn yín lọ́wọ́ hàn yín.

Kí ẹ tó san owó

Ẹ má lọ wo ilé-ìwé lọ́jọ́ ayẹyẹ wọn. Ẹ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú kan lásán, kí ẹ dúró sí òdìkejì títì nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Ẹ wo ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹ wò ó bóyá olùkọ́ kankan ń dá kẹ̀kẹ́ Marwa àti dáńfó dúró kí ọmọ lè sọdá. Ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ ń yà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọlé lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé Office of Education Quality Assurance ti Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí ilé-ìwé yìí? Kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn béèrè.
2. Bí ọmọ bá ti jáde ní kíláàsì, títí di agogo mélòó ló lè dúró nínú ọgbà? Olùkọ́ wo ló ń dúró tì wọ́n?
3. Ṣé òfin ìwà àti ìjìyà wà ní kíkọ? Ta ló lè na ọmọ, nítorí kí ni, àbí wọn kì í na ọmọ rárá?
4. Ṣé wọ́n ní agbani-nímọ̀ràn tí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àbí olùkọ́ ìṣirò ló ń fi ìmọ̀ràn kún iṣẹ́ tirẹ̀?
5. Ọmọ mú fóònù wá sílé-ìwé, kí ni wọ́n máa ṣe? Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà, ta ni wọ́n sì máa kó o fún?
6. Bí owó ilé-ìwé bá pẹ́, ta ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, ọmọ ni àbí èmi?

Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè kẹfà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ torí owó, kò ní gbàgbé. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó fúnra rẹ̀, ọ̀nà tó sì máa gbà wá a lè burú ju gbèsè lọ. Ilé-ìwé tó bá dáhùn pé òbí làwọn máa ń pè, àwọn kì í fi owó dójú ti ọmọ, ti sọ fún yín irú ẹ̀sìn tó ń ṣe láìpe ẹsẹ Bíbélì kankan.

Ìwé ojú kan

Bí ọmọ bá ti wọlé, ẹ ní kí tíṣà kíláàsì rẹ̀ fún yín ní ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta sáà. Ẹ jọ kọ ibi tí ọmọ máa wà láti ìgbà tó bá jáde títí tó fi máa sùn sórí ìwé ojú kan. Ẹ fọwọ́ sí i, kí tíṣà fọwọ́ sí i, kí ọmọ náà fọwọ́ sí i. Kí ọ̀kan wà nílé-ìwé, kí ọ̀kan wà lára ògiri nílé.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ rèé, fún ọmọ JSS2 kan tí ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì àti ata ní Mile 12, tó ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ torí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti Òkè Ọya dé lóru:

– Agogo 2:45: Ó jáde ní kíláàsì. Ó kọ orúkọ sínú ìwé lẹ́sìn.
– Agogo 3 sí 4:30: Lẹ́sìn nílé-ìwé. Bí kò bá sí lẹ́sìn lọ́jọ́ náà, tíṣà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá kí agogo mẹ́ta tó lù.
– Agogo 5: Ó dé ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìkòsí, kì í ṣe ilé tí kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀gbọ́n ìyá á pe ìyá pé ó ti dé.
– Agogo 5 sí 6: Ó jẹun, ó wẹ̀, ó fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀.
– Agogo 6 sí 7:30: Prep. Fóònù wà lọ́wọ́ àgbà.
– Agogo 8: Ìyá dé. Ó wo ìwé iṣẹ́ àmúrelé, ó fọwọ́ sí i.
– Agogo 9: Àdúrà ilé, lẹ́yìn náà oorun. Yàrá ìyá ni fóònù ń sùn.

Tó bá jẹ́ pé Erékùṣù lẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí gosiló sì ń dá yín dúró dé agogo mẹ́sàn-án, ẹni tó máa gba ipò ẹ̀gbọ́n ìyá lẹ máa wá: aládùúgbò àgbà, ìyàwó àlùfáà, tàbí òbí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń gbé nítòsí. Òbí mẹ́ta tí ọmọ wọn jọ wà ní kíláàsì kan ní Alápẹ̀rẹ̀ lè pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn, kí àwọn ọmọ jọ kàwé nílé ẹnì kan lónìí, nílé ẹlòmíì lọ́la. Ilé-ìwé ló mọ àwọn òbí tó ń gbé ládùúgbò kan náà. Ẹ ní kí wọ́n fojú yín kanra.

Ẹ fi ààyè ọjà sínú ìwé náà pẹ̀lú. Ọmọ tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ń kọ́ iṣẹ́, ó ń kọ́ ìṣirò owó, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di òfin tirẹ̀ ní 2007, kò fàyè gba kéèyàn fi ọmọ kiri ọjà lójú títì. Ọmọ tó gbé ọsàn káàkiri láàárín ọkọ̀ ní Ojọ́ta títí di agogo mẹ́jọ alẹ́ ni tíṣà máa bá tó ń sùn nínú kíláàsì lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n á sì máa pè é ní olódo.

Ẹni tí kò kàwé náà lè ṣọ́ ìwé

Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ló máa ń sọ pé, «Èmi ò kàwé, kí ni mo fẹ́ wò nínú ìwé rẹ̀?» Ohun tó wà láti wò kò kéré, kò sì gba kéèyàn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣí ìwé náà. Ẹ wo yíǹkì pupa. Bí ẹ bá rí ojú ìwé mẹ́rin sí márùn-ún tí bírò pupa kò dé, bóyá ọmọ kì í fi ìwé sílẹ̀, bóyá tíṣà kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Ẹ wo déètì tó wà lókè ojú ìwé: bó bá fo láti ọjọ́ kẹta oṣù lọ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún, níbo lọmọ wà láàárín? Ẹ ka ojú ìwé tí wọ́n ti ya kúrò nínú ìwé. Egbò ibi tí wọ́n ti fà á ya kì í sọnù lára ìránpọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun kan tí wọ́n kọ́ lónìí. Ọmọ tó yé á sọ ọ́, kódà bó bá ń wá ọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò yé á ní, «Mọ́mì, kò ní Yorùbá.» Ẹ fọwọ́ sí ìwé náà, tàbí kí ẹ fi àmì tí ẹ máa ń lò sórí ìwé gbèsè yín sí i. Tíṣà á rí i pé ojú kan wà lẹ́yìn ọmọ yìí. Ọmọ náà á rí i.

Nígbà tí ẹ̀sìn ilé yàtọ̀ sí ti ilé-ìwé

Ní Kòsọ́fẹ́, Mùsùlùmí tó fi ọmọ sílé-ìwé Kristẹni kò ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Kérúbù tó wà nílé-ìwé Kátólíìkì, tàbí ọmọ Ridíìmù tó wà nílé-ìwé Áńgílíkà. Àgbà ló máa ń ro pé ọmọ kò fura sí ìyàtọ̀. Ọmọ ń fura. Bí àlùfáà ilé-ìwé bá ní ohun kan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe é nílé lójoojúmọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á pinnu pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń parọ́. Ìgbà míì á ní àwọn méjèèjì ni.

Ẹ mọ ibi tí òfin dúró sí. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú ọmọ ilé-ìwé gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kó bá wọn jọ́sìn nínú ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Abala náà kò sì dí ìjọ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn nílé-ìwé tó jẹ́ ti ìjọ náà pátápátá. Ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ọmọ tó wọlé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Ẹ béèrè: ṣé ọmọ mi lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà ìsìn láìsí ìyọlẹ́nu? Ìjáábù ńkọ́? Ìgbà ààwẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí eré ìdárayá? Bí ilé-ìwé bá ní àwọn kò lè gbà, ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lónìí, kí ẹ wá ilé-ìwé míì.

Fún àwọn òbí tó jẹ́ Kristẹni, ẹ̀bi míì ló wà. A máa ń fi Ọlọ́run halẹ̀ mọ́ ọmọ ju bí a ṣe ń fi í tù ú nínú lọ. Nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Éfésù, orí kẹfà, ibi tó ti ní kí ọmọ gbọ́ràn, ibẹ̀ náà ló ti kìlọ̀ fún bàbá pé kó má mú ọmọ bínú. Àwa àgbà mọ ìdajì àkọ́kọ́ lórí, ìdajì kejì ni kí ẹ jọ sọ pẹ̀lú àlùfáà ilé-ìwé. Bí ọmọ bá bi yín ní ìbéèrè tó le lórí ìgbàgbọ́, ẹ má pè é ní ẹ̀mí òkùnkùn. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ Bíbélì rẹ̀, kó wá sọ èsì fún yín. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà tí ilé àti ilé-ìwé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Fóònù, tẹ́tẹ́, àti àwọn tó dúró ní kọ̀rọ̀

Lórí fóònù, òfin ilé àti ti ilé-ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. WhatsApp àti Facebook fúnra wọn ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n, nítorí náà ọmọ JSS1 kò ní ìdí tó fi yẹ kó wà níbẹ̀. Fún àwọn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gba ohun mẹ́ta: fóònù kì í wọ yàrá lálẹ́, àgbà kan mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, ilé-ìwé á sì sọ fún yín bí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì bá ti di ibi èébú tàbí àwòrán ìhòòhò.

Tẹ́tẹ́ orí bọ́ọ̀lù, ẹni ọdún 18 sókè ni wọ́n fún láyè. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kì í fìgbà gbogbo béèrè ọjọ́ orí. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni ọmọ fi ń ta á. Bí ọmọ tó ń gba owó oúnjẹ bá ń dé pẹ̀lú ebi lójoojúmọ́, ẹ bi tíṣà léèrè bóyá ó ń jẹun ní bíréèkì. Ìbéèrè kan yẹn ti tú ọ̀pọ̀ àṣírí.

Oògùn olóró àti ẹgbẹ́ òkùnkùn ni kí ẹ̀yin àti ilé-ìwé má fi pamọ́ fún ara yín rárá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ìwúkọ́ oní-codeine wọlé, torí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń mu ún bí ọtí. Igo náà dínkù, nǹkan míì sì rọ́pò rẹ̀. Ní 2021, ìjọba Èkó ṣe òfin tó lè rán ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn lẹ́wọ̀n ọdún 21. Ilé-ìwé máa ń bẹ̀rù pé àwọn òbí á kó ọmọ wọn lọ bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde. Òbí máa ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé ọmọ òun. Ọmọ ló ń jẹ ìyà ìbẹ̀rù àwọn méjèèjì. Níbi ìpàdé PTA, ẹ dábàá rẹ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ wá kí nǹkan tó bàjẹ́, wọn kò ní lé ọmọ náà. Ìmọ̀ràn àti ìṣọ́ ni wọ́n máa fún un.

Nígbà tí ilé-ìwé bá pè

Ẹ wo bí ìpè kan ṣe lè lọ. Tíṣà kíláàsì pe ìyá nínú ọjà.

«Ẹ káàsán mà, Mọ́mì.»

«Ẹ káàsán, sà. Ṣé kò sí o?»

«Kò sí, mà. Ẹ má jáyà. Ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ yìí ni ọmọ yín kò dúró de lẹ́sìn. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kóun tètè máa bọ̀ lọ́jà.»

«Èmi kẹ̀! Mi ò rán an níṣẹ́ kankan. Agogo márùn-ún ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní lẹ́sìn lòun ti ń bọ̀.»

«Ó dáa, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì nà án. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ń yà sí.»

«Ṣé kí n wá lọ́la?»

«Ọ̀la dáa, mà. Kí agogo mẹ́jọ tó lù, kí òun náà jókòó.»

Tíṣà kò fẹ̀sùn kan ìyá. Ìyá kò gbèjà ọmọ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀, kò sì bú tíṣà. Irọ́ kan ṣoṣo lọmọ pa, ó pín in sọ́nà méjì, ìpè ìṣẹ́jú méjì ló sì tú u. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá sọ ibi tó ń lọ, ẹ béèrè ohun tó ń wá lọ síbẹ̀, torí ọmọ kì í sá fún lẹ́sìn lásán: ó lè jẹ́ pé ìṣirò kò yé e tí wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ kan ti rí i.

Ní ti ìjìyà, ẹ di ìlànà yìí mú: ẹ̀ṣẹ̀ kan, ìyà kan. Bí ilé-ìwé bá ti fún un ní iṣẹ́ lẹ́yìn agogo mẹ́ta, kí ilé má tún nà án. Iṣẹ́ ilé ni kó rí i pé ó ṣe é dópin, kó sì bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tó jẹ ìyà lẹ́ẹ̀mejì á rí i pé òtítọ́ kò lérè, á wá irọ́ tó lágbára ju ti àná lọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀sùn, ẹ má lọ pariwo lẹ́nu géètì, ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp àwọn òbí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tíṣà kíláàsì, lẹ́yìn náà igbákejì ọ̀gá, ọ̀gá ilé-ìwé, PTA tàbí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ìwé náà. Ẹ kọ déètì àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí ètò yìí kò kàn. Bí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ olùkọ́, àlùfáà, àgbà nílé tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ńlá, bá fọwọ́ kan ọmọ lọ́nà àìtọ́ tàbí tó ṣe é léṣe, kò sí «ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ nínú ìjọ» níbẹ̀. Domestic and Sexual Violence Agency ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń gba ìpè lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 08000 333 333. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀. Ilé-ìwé tó bá ní kí ẹ dákẹ́ nítorí orúkọ ìjọ ti já àdéhùn fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ wàhálà

Ẹni tó bá gbé Kòsọ́fẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ kì í dọ́gba. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, ìjọba sì ti ọjà pa. Bí wọ́n bá ṣí omi ìsédò Ọyán nígbà tí òjò bá pọ̀, odò Ògùn á kún, àwọn tó ń gbé lápá Ajégúnlẹ̀, Àgbóyì àti ẹ̀yìn Kétu á máa wọ́ inú omi. Ẹ fún ilé-ìwé ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹni méjì tó lè wá mú ọmọ bí ẹ kò bá lè dé, pẹ̀lú àwòrán wọn. Ẹ bá ọmọ ṣàdéhùn ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó bá wá mú un gbọ́dọ̀ sọ. Ọjọ́ tí omi bá dí ọ̀nà, ẹ pe ilé-ìwé láàárọ̀, kí wọ́n má kọ ọ́ pé ó sá, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́.

Sáà mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta

Sáà kìíní, láti oṣù kẹsàn-án sí Kérésìmesì, ni ti ìwé ojú kan. Kí ẹ kọ ọ́ kó tó di àárín sáà.

Sáà kejì ni ti ọ̀nà tí ọmọ máa gbà. Ọmọ JSS3 ń múra ìdánwò BECE, lẹ́yìn rẹ̀ ló máa yan sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà. Ẹ lọ gbọ́ ohun tí tíṣà rí kí ẹ tó pinnu pé dókítà ni dandan. Ẹ mú èsì ọdún mẹ́ta lọ, ẹ wo iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe dáadáa láìjẹ́ pé wọ́n tì í. Ọmọ tí wọ́n fipá kó sínú físíìsì fi ọdún mẹ́ta ṣòfò kí WAEC tó sọ ohun tí tíṣà ti mọ̀.

Sáà kẹta ni ti ìsinmi gígùn. Oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án kò ní géètì rárá, nítorí náà kí ìwé ìsinmi wà ní kíkọ kí wọ́n tó pa sáà: iṣẹ́ ọwọ́ wo ló máa kọ́, ìwé wo ló máa kà, ọ̀dọ̀ ẹbí wo ló ń lọ.

Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹ máa dá wákàtí padà fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ní JSS1, àgbà ló ń kọ ìwé ojú kan. Ní JSS3, ọmọ ló máa kọ́kọ́ kọ ọ́, àgbà á tún un ṣe. Ní SS2, òun ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún tíṣà, ẹ̀yin á jókòó gbọ́. Ní SS3, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ ní SS3 bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ ní JSS1, yunifásítì ló ti máa kọ́kọ́ mọ òmìnira, kò sì ní sí tíṣà tó máa pe Mọ́mì lọ́jà.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí

– Ẹ gba nọ́ńbà tíṣà kíláàsì ọmọ yín, kí ẹ pè é lọ́jọ́ tí kò sí ẹjọ́ kankan, kí ẹ kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpè kejì á rọrùn.
– Ẹ bi ọmọ pé: «Láti agogo mẹ́ta sí mẹ́jọ lánàá, níbo lo wà?» Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀ dópin láìjá a lẹ́nu.
– Ẹ yan àgbà kan tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà prep, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni náà fún ilé-ìwé.